Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: HUD tí wọ́n ń gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé ó dáa fún Corolla 2005?

BàbáMoyọ̀ · Sátidé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú speedometer ẹ̀, kílómítà wá wà nínú lọ́hùn-ún wínníwínní bí ẹyin iná orí. Ìbàdàn sí Èkó ni lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo máa ń lọ ní Mọ́ńdè, mo máa ń bọ̀ ní Fúráìdè. Mo ti pé 47, ojú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárà: tí mo bá wo ọ̀nà ó mọ́ kedere, tí mo bá wolẹ̀ wo speedometer ó di bàìbàì, kí n tó mọ nọ́ńbà tí ọwọ́ ẹ̀ dúró sí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí kòtò. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn wọ́n dá mi dúró nígbà tí mo kọjá Ṣágámù, wọ́n ní eré mi pọ̀jù, mo ní ha, 70 ni mò ń sá o, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní 70 kí ni, ẹ wo mọ́tò yín dáadáa, máìlì 70 ti lé ní kílómítà 112, 100 sì ni òfin wí fún mọ́tò aládàáni lórí ẹsipírẹ́sì. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà.

Àbúrò ìyàwó mi wá fi fídíò kan hàn mí, nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa ń tan nọ́ńbà sójú gíláàsì iwájú, HUD ni wọ́n ń pè é. Mo ti wádìí débi pé oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n ń ki bọ OBD, ihò tí àwọn mẹkáníìkì fi ń síkáànù mọ́tò, àti èyí tó ń lo GPS. Èwo ni kí n rà? Ṣé kì í mu bátìrì? Ṣé mo lè gbé e sí i fúnra mi àbí kí n wá ríwáyà? Ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kó owó dà sómi.

Táyọ̀Onímọ́tò · Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, OBD ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń lò ó lórí Camry Muscle tí mo fi ń gbé èrò l'Ékòó. Ẹ ki wáyà ẹ̀ bọ abẹ́ sítíárìn, ẹ lẹ orí ẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ńbà ọ̀hún á sì dà bíi pé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà níta lọ́hùn-ún, ojú yín ò ní ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Ríwáyà kí ni? Owó tẹ́ ẹ máa fún ríwáyà, ẹ fi ra epo.

RíwáyàGate · Sátidé, 8:05 àárọ̀

Táyọ̀, mo rí ẹ o. "Ríwáyà kí ni" lo wí, ọjọ́ tí mọ́tò bá kọ̀ tí ò sítáàtì láàárọ̀ wàá mọ ohun tó ń jẹ́ ríwáyà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ihò OBD yẹn, ẹsẹ̀ 16 ló ní, ẹsẹ̀ kẹrìndínlógún ló ń gbé iná bátìrì wá tààrà, ẹ tan mọ́tò o, ẹ ò tan án o, iná wà níbẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ń pa á. HUD tó dáa máa ń sùn fúnra ẹ̀ tó bá ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Fólítéèjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń mọ̀: tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, máa ń gbé e dé bíi 13.8 sí 14.4, tẹ́ ẹ bá pa á, bátìrì tó kún dáadáa á já sí bíi 12.6. Àmọ́ àwọn yẹpẹrẹ inú ẹ̀ kì í sùn tán, wọ́n á kàn díjú, inú wọn ṣì ń mu iná. Ẹni tó ń wa mọ́tò lójoojúmọ́ lè máà mọ̀ láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dé Èkó kẹ́ ẹ páàkì láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ìyà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sí i tán, ẹ pa mọ́tò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ríwáyà fi mítà wọn iye iná tó ṣì ń mu. Bí ò bá sùn, ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti dúró, àbí kẹ́ ẹ dá a padà.

Wáyà ńkọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rọ̀ dirodiro níbi ẹsẹ̀, mo ti bá wáyà tó lọ́ mọ́ búréèkì pàdé rí, èmi náà dúró mo ń wò ó. Ẹ gbà á gba inú lọ́hùn-ún, ẹ fi okùn oníke so ó, kó jìnnà sí búréèkì, tòròtù àti ọ̀pá sítíárìn, lẹ́yìn náà kó gba ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gòkè. Ibi tí airbag ti ń jáde, ẹ má lẹ nǹkan kan síbẹ̀, tó bá bẹ́, HUD á di òkò.

Ìkẹta, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ: mọ́tò yín ò tíì máa lo CAN, ètò tuntun tí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò fi ń sọ̀rọ̀. Láti mọ́tò 2008 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé CAN ni gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ máa fi bá ẹ̀rọ síkáànù sọ̀rọ̀. CAN lè gbé 500 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàtijọ́ tó wà lára tiyín, 10.4 péré. Nọ́ńbà yín á máa fò ni, ẹ máa tẹ iná mọ́ ọn, á ti 82 bọ́ sí 86, bọ́ sí 91. HUD ọ̀hún ò bàjẹ́, bí mọ́tò ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

ÌyáTèmi · Sátidé, 9:21 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní bá yín purọ́, mo rà á, ó sì ti wà nínú búùtù látìgbà náà. Oòrùn Ìlọrin tiwa níbí, tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, ẹ ò lè rí nǹkan kan lójú gíláàsì. Lálẹ́, nọ́ńbà á wá di méjì, 80 á pọn 80 sẹ́yìn, mi ò mọ èyí tí mo máa wò. Tí mo bá wá wọ dígí olóòrùn mi, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Lọ́jọ́ kan tí mo páàkì síta lọ́sàn-án, ooru yọ́ gọ́ọ̀mù ìdí ẹ̀, mo yí kọ́nà báyìí, ó yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n ya wọ gọ́tà. Ọmọ mi ní kí n fi fọ́ọ̀nù ṣe é, pé app wà tó máa ń kọ nọ́ńbà sódì kó lè hàn dáadáa lójú gíláàsì, mo gbé fọ́ọ̀nù lé dáṣíbọ́ọ̀dù, kò pẹ́ ló gbóná tó sì pa ara ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi bírò kọ ọ́ sí pépà: 30 = 48, 50 = 80, 60 = 96. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ speedometer. Kò mu bátìrì.

Táyọ̀Onímọ́tò · Sátidé, 9:30 àárọ̀

Màmá, ẹ ò lẹ rọ́bà tí wọ́n fi sínú páálí ẹ̀ mọ́ gíláàsì ni. Tèmi ò pọn nǹkan kan o.

TíṣàPhysics · Sátidé, 10:48 àárọ̀

Òótọ́ ni Táyọ̀ sọ nípa rọ́bà yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Gíláàsì iwájú mọ́tò kì í ṣe ẹyọ kan. Gíláàsì méjì ni, wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ wọ́n pọ̀, òun ni kì í jẹ́ kó fọ́n ká tó bá fọ́. Ìmọ́lẹ̀ HUD á kọ́kọ́ ta padà lójú ti inú, èyí tó bá wọlé lára ẹ̀ á tún lọ ta padà lójú ti ìta, ibi tí méjèèjì bọ́ sí ò wá dọ́gba, ló fi dà bíi pé 80 pọn 80. Àwọn mọ́tò tí HUD bá jáde láti iléeṣẹ́, rọ́bà àárín gíláàsì wọn nípọn díẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwòrán méjèèjì lè gun orí ara wọn ni. Tiwa ò ní ìyẹn. Rọ́bà tó ń dán tí wọ́n fi sínú páálí, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ta ìmọ́lẹ̀ padà gidi gan-an kí ti ìta má fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Àwọn kan wà tó ní gíláàsì kékeré tiwọn tó ń ṣí sókè níwájú ẹ̀, ìyẹn náà ń yanjú ẹ̀, kì í kan gíláàsì mọ́tò rárá.

Ibi tí mi ò ti bá Táyọ̀ lọ ni ti ojú. Bàbá Moyọ̀ ní ẹni ọdún 47 ni wọ́n, nǹkan ìtòsí ti ń ṣú. HUD iléeṣẹ́ ní dígí tó tẹ̀ nínú, òun ló ń mú kí nọ́ńbà dà bíi pé ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó máa ń tó mítà méjì sójú awakọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a ń rà yìí, bíi dígí tí a fi ń wojú ni: bí HUD ṣe jìnnà sí gíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ṣe máa jìnnà lódìkejì gíláàsì. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ bí gíláàsì ṣe jìnnà sí ojú yín, gbogbo ẹ̀ lè máà ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Kò tíì dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó máa ràn yín lọ́wọ́ torí pé nọ́ńbà ẹ̀ tóbi, orí yín ò sì ní máa tẹ̀ wálẹ̀, kì í ṣe torí pé ojú ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyẹn náà kì í sì í ṣe nǹkan kékeré: tẹ́ ẹ bá wà lórí 100, mọ́tò ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ ẹ lọ rí dókítà ojú kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Tèmi, ẹ wo dígí olóòrùn yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ polarized sí i. Irú dígí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dènà ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lójú nǹkan tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ HUD náà sì rèé. Ẹ lo èyí tí kì í ṣe polarized.

Bulldog94 · Sátidé, 12:15 ọ̀sán

Gbogbo yín ń pariwo OBD, ẹ rántí àwa tálákà. Honda Accord 1994 ni mò ń wà, Bulldog, kò sí irú ihò yẹn lára ẹ̀ rárá. 1996 ni Amẹ́ríkà tó fi dandan lé OBD2 fún mọ́tò tuntun, ti Yúróòpù tó ń lo bẹntiróòlù, 2001. Tí mọ́tò bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. GPS lèmi ń lò, ibi tí wọ́n ń fi tan sìgá ló ti ń mu iná, tí mo bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ ó ti kú, n ò mọ ọ̀rọ̀ bátìrì. Àbùkù ẹ̀ ni pé láàárọ̀ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí sátẹ́láìtì, tí mo bá wà lábẹ́ bíríìjì ó lè sọnù fúngbà díẹ̀, tí mo bá sì tẹ búréèkì, ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé mi wálẹ̀.

Àmọ́ òun ló ń sọ òótọ́. Speedometer mi á kọ 100, GPS á ní 94.

Táyọ̀Onímọ́tò · Sátidé, 12:22 ọ̀sán

Ìyẹn ni pé GPS ẹ ò dáa nìyẹn. Kí ló máa mọ̀ ju mọ́tò fúnra ẹ̀ lọ?

Bulldog94 · Sátidé, 12:31 ọ̀sán

Mọ́tò ò mọ̀ ọ́n, táyà ló ń kà. Ìwọ lọ fi táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i kó o wá wò ó, OBD ẹ náà á máa purọ́ tẹ̀ lé e, torí ibì kan náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

TíṣàPhysics · Sátidé, 1:04 ọ̀sán

Bulldog jàre ẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe speedometer kó sọ eré di púpọ̀ ni. Òfin tí Yúróòpù ń lò ní kò gbọ́dọ̀ sọ iye tó kéré sí eré tó o ń sá gan-an láé, àmọ́ ó lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àti kílómítà 4 lé e. Nítorí náà 100 tó jẹ́ 94 ò burú. Ọ̀pọ̀ HUD OBD ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe: ẹ gbé fọ́ọ̀nù tó ní GPS dání lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹlòmíì máa wò ó, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìyàtọ̀ ẹ̀ sínú sẹ́tínǹgì.

AdéPeckham · Sátidé, 3:37 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, láti London ni o. Máìlì ni tiwa níbí, 20 ni ọ̀pọ̀ òpópónà, Wales náà sọ ti àdúgbò tiwọn di 20 ní 2023. Máìlì 20 le ju 70 lọ, ẹsẹ̀ á kàn rọra gbé e dé 26 láìmọ̀, kámẹ́rà á sì ti yà ẹ́. HUD GPS ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ibi tẹ́ ẹ máa lẹ rọ́bà yẹn sí. Níbí, tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò lọ fún MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, agbègbè kan wà lójú gíláàsì níwájú awakọ̀, fífẹ̀ ẹ̀ 290 mm, àárín sítíárìn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, níbi tí wáípà ń nù. Ohunkóhun tó bá wọ inú ibẹ̀ ju 10 mm lọ, wọ́n á já ẹ. Ibi tó kù tí wáípà ń nù, 40 mm. Mo wá lẹ rọ́bà tèmi sísàlẹ̀ pátápátá níbi tí wáípà ò dé. Bàbá Moyọ̀, MOT ò kàn yín, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ kàn yín: tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sókè jù, ọmọ tó ń sọdá ló máa bò mọ́ yín lójú.

Mo sì sọ fún insurance mi. Wọn ò fi owó kan kún un, àmọ́ ó dáa kí wọ́n mọ̀.

Àyọ̀kẹ́RX · Sátidé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Lexus RX 350 2010 lèmi ní, HUD bá a wá láti iléeṣẹ́. Òkúta ta lu gíláàsì iwájú ní Ògèrè, wọ́n bá mi fi òmíràn sí i ní owó pọ́ọ́kú, látìgbà náà ni 80 mi náà ti ń pọn 80. Mo ti lọ ríwáyà mẹ́ta, wọ́n ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù! Ọ̀rọ̀ Tíṣà yìí ni mo kà ni orí mi wú. Gíláàsì lásán ni wọ́n fi sí i fún mi?

RíwáyàGate · Sátidé, 7:15 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, gíláàsì lásán ni. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní gíláàsì oní-HUD lẹ fẹ́, ó wọ́n o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tú dáṣíbọ́ọ̀dù yín mọ́.

Bàbá Moyọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ rọ́bà yẹn: ìrọ̀lẹ́ ni, kì í ṣe nínú oòrùn. Ẹ fọ gíláàsì mọ́ féfé, ẹ wọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ lẹ rọ́bà lé e nínú omi náà kẹ́ ẹ lè máa sún un, tó bá ti bọ́ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ fi káàdì ATM tó ti kú fún omi inú ẹ̀ jáde láti àárín bọ́ sí etí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.

BàbáMoyọ̀ · Sọ́ńdè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín. Mo lọ rí dókítà ojú, wọ́n fún mi ní dígí olójú méjì, ẹ ṣeun Tíṣà. Mo wá ra HUD, OBD ni, ₦38,000. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tan án ó kọ 40, mo ní kí ló dé tí mo ń rá pálá báyìí, àṣé máìlì ni wọ́n sẹ́ ẹ sí láti ibi tó ti wá! Ọmọ mi bá mi yí i sí kílómítà. Ríwáyà àdúgbò bá mi fi mítà wò ó, ó ń sùn dáadáa. Mo páàkì l'Ékòó fún ọjọ́ mẹ́rin, mọ́tò sítáàtì lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà ẹ̀ sì ń fò gẹ́gẹ́ bí RíwáyàGate ṣe wí.

Nǹkan kan ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Ó ń kọ ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì náà. Lórí ẹsipírẹ́sì kì í kọjá 68, 70. Tí mo bá wá wọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, á gòkè díẹ̀, mo bá tún sá eré á já wálẹ̀. Ẹ̀rọ̀ ni mo kà á sí, àbí?

Táyọ̀Onímọ́tò · Sọ́ńdè, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ó tutù, kí lẹ tún ń wá? Ẹ dúpẹ́.

RíwáyàGate · Sọ́ńdè, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Kò sí ọpẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè bóyá ó yọ thermostat, nǹkan tó máa ń dí ọ̀nà omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Ti Corolla yẹn, nǹkan bíi 82 ló máa ń ṣí, tó bá wà níbẹ̀ ẹ máa rí 80 sókè, títí dé 90 ó lé díẹ̀, kò sì ní máa lọ sókè sódò. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi á kàn máa ṣàn gba rédíétọ̀ láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á máa rò pé àárọ̀ kùtù ni, á máa da epo sí i. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti sọ fáànù di dáírẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe yí kọ́kọ́rọ́ ló ń fẹ́. Iṣẹ́ wa náà ni o, mi ò ní purọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kiri nìyẹn.

BàbáMoyọ̀ · Túsìdeè, 8:33 alẹ́

Ha! Méjèèjì ni. Mẹkáníìkì ní ó ti lé lọ́dún kan tó ti yọ thermostat, ó ní Nàìjíríà ò nílò ẹ̀, oòrùn wa pọ̀jù. Fáànù náà, dáírẹ́ẹ̀tì. Mo ra thermostat tuntun ní Gate, a dá wáyà fáànù padà sáyè ẹ̀. Lónìí ó dúró sí 86 sí 91, kò mì. Ọjọ́ tí mo wá eré ni mo wá rí àìsàn mọ́tò.

ÌyáTèmi · Túsìdeè, 9:01 alẹ́

Ẹ kú oríire. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi, lọ́sàn-án gangan ńkọ́, ṣé ẹ ń rí i?

BàbáMoyọ̀ · Túsìdeè, 9:09 alẹ́

Ìyá Tèmi, láti bí aago méjìlá títí di aago mẹ́ta, mi ò rí ju òjìjì ẹ̀ lọ. Mo ti kọ pépà yín, mo ti lẹ̀ ẹ́.